Bí ẹ ṣe lè fi ojú lásán dá Àgùàlà àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù mọ̀

Àwọn àgbà ní, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni; Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù." Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti fara balẹ̀ wo òkè kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ ńlá kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá lálẹ́ òní, bíi pé ó ń tẹ̀ lé e. Tó bá di alẹ́ ọ̀la, òṣùpá á ti gbéra, á ti fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ajá kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àgùàlà yìí ni ìwé ilé-ìwé ń pè ní Venus. Kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, òkúta àti ilẹ̀ bíi ti ayé wa, ó ku díẹ̀ kó tó ayé ní ìtóbi, ó sì ń yí oòrùn po bí ayé náà ṣe ń yí i po. Ojú lásán lè rí márùn-ún nínú wọn: Mercury, Àgùàlà, Mars, Jupiter àti Saturn. Mo ti há orúkọ wọn sórí láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo ti dàgbà dáadáa kí n tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ni mo máa ń rí lókè ilé ìdáná ìyá mi láwọn ìrọ̀lẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tí mo há sórí ni mò ń wò.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ìwé kékeré kan, bírò kan àti ọwọ́ yín ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́: ẹ mọ ibi tí ẹ máa dúró sí, àti ìgbà tí òkè ń ṣí

Ibi tí ẹ ti lè rí ìwọ̀-oòrùn àti ìlà-oòrùn láìsí ilé gíga tó dí yín lójú ló dára jù. Orí òrùlé onídẹ́kìn dára, pápá ìṣeré dára, ẹ̀yìn ilé náà dára bí igi kò bá pọ̀ jù. Iná títì kò lè pa pílánẹ́ẹ̀tì mọ́ yín lójú, nítorí ìmọ́lẹ̀ wọn lágbára ju ti ìràwọ̀ púpọ̀ lọ. Ní àárín Mushin pàápàá ẹ lè rí Jupiter. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, alẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò ni mo fẹ́ràn jù. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ jáde kíá.

Ohun tó ń dà wá láàmú nílẹ̀ Yorùbá ni ojú ọjọ́. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, àwọsánmà lè bo òkè fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Tí ọyẹ́ bá dé, ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kejì, eruku tó ń fẹ́ wá láti Sàhárà á sọ òkè di funfun, ohunkóhun tó bá sún mọ́lẹ̀ á pòórá. Àkókò tó dára jù ni ìgbà tí òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ kò sì tíì wọlé: ìparí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kọkànlá. Àkókò kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú sí ni òru tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tán ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Òjò náà á ti fọ gbogbo eruku wálẹ̀, òkè á mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Ìkejì: ẹ mọ ìlà-oòrùn yín

Ẹni tí kò mọ ìlà-oòrùn kò lè mọ ohun tó ń wò. Ibi tí oòrùn ti ń yọ ni gbogbo wa máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ ibi tó ti ń yọ kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kẹfà ó máa ń yọ níhà àríwá díẹ̀, ní oṣù kejìlá níhà gúúsù díẹ̀. Oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án nìkan ló máa ń yọ ní ìlà-oòrùn gangan.

Kọ́ńpáàsì orí fóònù lè ṣe é, àmọ́ ó máa ń ṣìnà nítòsí irin. Mo ní ọ̀nà mìíràn tó wà ní gbogbo àdúgbò wa: mọ́sálásí. Láti ilẹ̀ Yorùbá, Mẹ́kà kò sí ní ìlà-oòrùn gangan. Ó wà láàárín ìlà-oòrùn àti àríwá. Bí ẹ bá kọjú sí ibi tí àwọn onírun ń kọjú sí, ẹ na ọwọ́, ẹ di ìkúùkù, kí ẹ wọn ìkúùkù mẹ́ta lọ sápá ọ̀tún. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlà-oòrùn gangan.

Ìkúùkù yẹn gan-an ló kàn.

Ìkẹta: ọwọ́ yín ni ìwọ̀n yín

Ẹ na apá yín tán pátá. Ìkúùkù yín, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, gba dígírì 10 lójú ọ̀run. Ìka mẹ́ta àárín tí ẹ bá pa pọ̀ gba nǹkan bíi dígírì 5. Ọmọńdinrín nìkan gba dígírì 1, ó sì lè bo òṣùpá mọ́lẹ̀ kí ààyè sì tún ṣẹ́ kù, nítorí ìdajì dígírì péré ni òṣùpá. Èyí máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ tí òṣùpá bá kún.

Kò ṣe nǹkan kan bí ọwọ́ yín bá tóbi tàbí tó kéré. Ọlọ́wọ́ ńlá sábà máa ń ní apá gígùn, ọmọdé ní ọwọ́ kékeré àti apá kúkúrú, ìwọ̀n náà á ṣì ṣe déédéé.

Ìkẹrin: ẹ mọ ọ̀nà oòrùn

Ẹni tí ibí yìí bá yé ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Àwọn pílánẹ́ẹ̀tì kò fọ́n káàkiri òkè bí ìràwọ̀. Gbogbo wọn ń yí oòrùn po bíi pé orí ẹní kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ́ ni wọ́n ti ń rìn, ayé wa náà sì wà lórí ẹní kan náà. Nítorí náà, bí a bá dúró sínú ayé tí a ń wò wọ́n, ojú ọ̀nà kan náà la máa ń bá wọn, ọ̀nà tí oòrùn ń gbà lọ́sàn-án. Òṣùpá náà kì í jìnnà sí i; ó lè yà kúrò ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí Àgùàlà àti òṣùpá fi ń pàdé. Kò sí èyí tó ń tẹ̀ lé ìkejì, wọ́n kàn jọ ń lo ọ̀nà kan ni.

Ọ̀dọ̀ wa níbí, ọ̀nà yìí máa ń gba òkè orí wa tàbí nítòsí rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní London máa rí i níhà gúúsù, nígbà mìíràn á sì sún mọ́lẹ̀ débi pé òrùlé ilé kejì á bò ó. Nínú ọ̀rọ̀ yìí o, àwa tó wà nílé la jèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀nà náà dájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí oṣù bá lé. Ẹ jáde ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, kí ẹ dúró sójú kan náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa ya ibi tí òṣùpá wà sínú ìwé yín. Lójoojúmọ́ á sún sí ìlà-oòrùn ní ohun tó ju ìkúùkù kan lọ. Ẹ fa ìlà kan kọjá lára àwọn àmì tí ẹ yà. Orí ìlà yẹn, tàbí nítòsí rẹ̀, ni gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa rí láyé yín máa wà.

Láti ibí ẹ ti lè lé ẹlẹ́tàn tó tóbi jù kúrò. Sirius ni ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú òru, àwọn awakọ̀ ojú omi wa láyé àtijọ́ sì máa ń pè é ní ìràwọ̀-ọkọ̀. Ẹ máa rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ ní ìrọ̀lẹ́ oṣù kìíní sí oṣù kẹta. Ẹ tẹ̀ lé ìlà tí wọ́n tò síhà gúúsù, ọ̀dọ̀ Sirius ló máa gbé yín dé. Ó jìnnà sí ọ̀nà oòrùn tó ìkúùkù mẹ́rin. Bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó, kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì.

Ìkarùn-ún: ṣé ó ń ṣẹ́jú àbí ó ń ranjú?

Ìràwọ̀ máa ń ṣẹ́jú. Pílánẹ́ẹ̀tì máa ń ranjú mọ́ni. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé ojú abẹ́rẹ́ lásán ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń rú lókè orí wa sì máa ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Pílánẹ́ẹ̀tì sún mọ́ wa, ó fẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ kò lè mì í tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí bí nǹkan náà bá wà nílẹ̀ nítòsí ibi tí ọ̀run ti kan ilẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pọ̀ jù, Àgùàlà pàápàá á máa ṣẹ́jú níbẹ̀. Ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó pariwo. Mo ti pe gbogbo ará ilé jáde wá wo "Jupiter" kan rí tó padà di ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Ìkẹjà. Èyí tó bá ń rìn kọjá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún láìbù yẹ̀rì, ẹ̀rọ tí èèyàn rán sókè ló máa ń jẹ́.

Ìkẹfà: ẹ fún un lórúkọ

Ẹ ti rí ìmọ́lẹ̀ kan lójú ọ̀nà oòrùn, ó ń ranjú, kò sì rìn lọ. Èwo ni nínú àwọn márùn-ún?

Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá Àgùàlà ni. Lẹ́yìn oòrùn àti òṣùpá, kò sí ohun tó máa ń mọ́lẹ̀ tó o lójú ọ̀run déédéé. Funfun ni, ó sì mọ́ tí èèyàn fi lè rí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ òfin kan ló ń tọ́ ọ: ó sún mọ́ oòrùn ju ayé lọ, nítorí náà kò lè jìnnà sí oòrùn ju dígírì 47 lọ lójú wa, ìyẹn bí ìkúùkù márùn-ún ó dín díẹ̀. Ẹ máa rí i ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tàbí ní ìlà-oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́, fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ó pọ̀ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìmọ́lẹ̀ hàn yín láàárín òkè ní aago méjìlá òru tó ní Àgùàlà ni, ẹ bá a jiyàn.

Àwọn baba wa tún ń pè é ní ìràwọ̀ alẹ́ nígbà tó bá wà ní ìrọ̀lẹ́. Tó bá ti ṣe oṣù mélòó kan ní ìrọ̀lẹ́, á sáré sọ̀ kalẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, a ò ní rí i fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á yọ ní òwúrọ̀. Ìyípo yìí gba nǹkan bí ọjọ́ 584. Ohun tí mo wá fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ìyípo márùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdún mẹ́jọ géérégé. Bí ẹ bá kọ ibi tí Àgùàlà wà lálẹ́ òní sínú ìwé, ọmọ tí wọ́n bí lónìí á ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́jọ́ tí ẹ máa mú un jáde láti fi hàn án níbì kan náà. Ẹwà rẹ̀ o, kì í ṣe ibi gbígbé. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nípọn bí ẹni fi ìdérí dé ìkòkò, ooru ilẹ̀ rẹ̀ tó dígírì 460 Celsius.

Bí kò bá ṣe Àgùàlà, tó sì mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ, tó lè wà lókè láàárín òru, Jupiter ni. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo wọn, ó sì máa ń rọra rìn. Ọdún méjìlá ó dín díẹ̀ ló fi ń yí oòrùn po, nítorí náà ìkúùkù mẹ́ta ló máa ń sún láàárín ọdún kan. Ìràwọ̀ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́dún yìí kọ́ ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Mars pọ́n. Kì í ṣe pupa bí ata. Ó pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ, nítorí ilẹ̀ rẹ̀ kún fún irin tó ti dípẹtà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìwà rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ọdún kan ó mọ́ gan-an, ọdún tó tẹ̀ lé e á dà bí ìràwọ̀ lásán. Ní nǹkan bí oṣù 26 síra ni ayé máa ń lé e bá, ìgbà yẹn ló sún mọ́ wa jù. Ẹ̀yin tó ní WhatsApp ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní Mars máa tóbi bí òṣùpá ní oṣù kẹjọ, a ó sì rí òṣùpá méjì. Irọ́ ni. Ọdún 2003 ni Mars sún mọ́ wa gan-an lóòótọ́, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 56 kìlómítà, síbẹ̀ ojú lásán kò rí i ju tíńtín lọ. Òṣùpá wà ní kìlómítà 384,400 péré. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ti ń jí dìde lọ́dọọdún láti ìgbà náà.

Saturn kì í pariwo. Ó ní àwọ̀ ìyẹ̀fun ẹlùbọ́ tó rọ́ díẹ̀, ó mọ́lẹ̀ bí ìràwọ̀ ńlá kan, kì í ṣẹ́jú. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀ ló fi ń yí oòrùn po. Òun lẹ máa ṣì mọ̀ jù, nítorí náà ẹ dúró de alẹ́ tí òṣùpá máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òṣùpá máa ń kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ètò orí fóònù bíi Stellarium, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á sọ ọjọ́ náà fún yín.

Mercury ló kù. Ọjọ́ 88 péré ló fi ń yí oòrùn po, kò sì lè jìnnà sí i ju dígírì 28 lọ. Ẹ máa rí i fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nítòsí ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn tàbí ìlà-oòrùn, kó tún sá padà. Níbí lọ̀nà oòrùn máa ń nàró lókè ibi tí oòrùn wọ̀ sí, nítorí náà ó rọrùn fún wa láti rí Mercury ju àwọn ará Yúróòpù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí oòrùn wọ̀ tán pátápátá kí ẹ tó wá a.

Uranus, tí William Herschel rí lọ́dún 1781, àti Neptune, tí wọ́n rí ní Berlin lọ́dún 1846 lẹ́yìn tí ìṣirò ti kọ́kọ́ sọ ibi tó máa wà, kì í ṣe iṣẹ́ ojú lásán nínú ìlú. Pluto ti kúrò nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá láti ọdún 2006, ẹ má da ara yín láàmú.

Ìkeje: ẹ jẹ́ kó rìn kó fi ara rẹ̀ hàn

Àwọn Gíríìkì ló sọ wọ́n ní orúkọ tó túmọ̀ sí alárìnkiri, ibẹ̀ ni pílánẹ́ẹ̀tì ti wá. Ẹ ya ìmọ́lẹ̀ náà sínú ìwé pẹ̀lú ìràwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà nítòsí rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìràwọ̀ á ṣì wà bí wọ́n ṣe wà síra wọn. Òun á ti kúrò. Ti Mars máa ń yára. Láàárín ogúnjọ́ ó lè sún tó ìkúùkù kan.

Nígbà mìíràn ẹ máa rí i pé Mars dúró, ó sì ń padà sẹ́yìn fún oṣù méjì àti díẹ̀. Ẹ rántí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ yín bá ń kọjá lára tírélà, ẹ wo tírélà náà lójú fèrèsé: á dà bíi pé ẹ̀yìn ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ iwájú lẹ jọ dojú kọ. Ayé ló ń yá Mars sílẹ̀.

Ìkẹjọ: bí ẹ bá rí báínókúlà yá

Ẹ má ra tẹlisíkóòpù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ "ìlọ́po 500" sí lára páálí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Báínókúlà tí wọ́n kọ 7x50 tàbí 10x50 sí lára dára jù ú lọ. Ẹ má ṣe dojú rẹ̀ kọ oòrùn láéláé, ojú á fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọmọdé bá wà níbẹ̀, ẹ má mú un jáde rárá títí oòrùn á fi wọ̀.

Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín lé orí ògiri tàbí ẹ̀yìn àga kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n, kí ẹ dojú kọ Jupiter. Ẹ máa rí àmì kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tò sórí ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òṣùpá rẹ̀ ni wọ́n: Io, Europa, Ganymede àti Callisto. Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí wọn ní oṣù kìíní ọdún 1610. Ohun tó ṣe ni kí ẹ̀yin náà ṣe. Ẹ ya róbótó kan àti àwọn àmì náà lálẹ́ òní, ẹ tún un yà lálẹ́ ọ̀la, títí di ọ̀sẹ̀ kan. Wákàtí 42 àti ààbọ̀ ni Io fi ń yí i po, ó máa ń wà lápá ọ̀tún lálẹ́ kan, kó bọ́ sápá òsì lálẹ́ kejì. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ayé ni gbogbo nǹkan ń yí po, àmọ́ àwọn àmì mẹ́rin yìí ń yí ohun mìíràn po níwájú gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò.

Òrùka Saturn kọjá agbára báínókúlà. Ó nílò tẹlisíkóòpù tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Galileo fúnra rẹ̀ rí i láìdára, ó dà bíi pé Saturn létí méjì. Nígbà tó di ọdún 1612 ó wò ó, kò rí etí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ òrùka náà ló kọ sí wa lọ́dún náà, bó ti tún ṣe lọ́dún 2025.

Ọjọ́ tí ẹ lè kọ sára kàlẹ́ńdà

Ní àárín oṣù kẹjọ 2026 ni Àgùàlà jìnnà sí oòrùn jù ní ìrọ̀lẹ́, àárín òjò sì ni fún wa, ẹ kàn máa ṣọ́ ibi tí àwọsánmà bá ti ya. Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún náà, Saturn á máa yọ ní ìlà-oòrùn bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ní oṣù kejì 2027 Jupiter àti Mars á jọ wà ní apá kan náà lójú ọ̀run láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀: Jupiter á máa yọ bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lọ́jọ́ 10, Mars lọ́jọ́ 19, ọyẹ́ nìkan ló lè bà á jẹ́.

Àgùàlà á ti fi ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá 2026. Láti oṣù kọkànlá, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ti máa wá a, ní ìlà-oòrùn. Àwọn tó ń jí lọ kí ìrun àsùbáà ló máa kọ́kọ́ rí i.